Ìdí tí ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì fi wà ní Kwara

Bí ọmọ Òsì, Òbò-Ayégúnlẹ̀ tàbí Eruku bá ń kọ fọ́ọ̀mù JAMB, Kwara ni yóò kọ síbi tí wọ́n ti béèrè ìpínlẹ̀, Èkìtì ni yóò kọ síbi tí wọ́n ti béèrè ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó bá ń wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ á ní ó ti ṣì í kọ. Kò ṣì í kọ rárá. Ìjọba ìbílẹ̀ kan wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara tó ń jẹ́ Èkìtì, Ararọ̀mí-Ọ̀pin ni olú-ìlú rẹ̀, gómìnà tó wà ní Adó-Èkìtì kò sì ní àṣẹ kankan níbẹ̀.

Orúkọ náà tún lè ṣi èèyàn lọ́nà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì fúnra rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Èkìtì wà ní Òmùò, ti Ìwọ̀-Oòrùn wà ní Àrámọkọ, ti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn wà ní Ìláwẹ̀. Ṣùgbọ́n Èkìtì lásán, tí kò ní àfikún kankan lẹ́yìn, ti Kwara ni. Òsì náà, méjì ló wà: ọ̀kan ní Kwara, èkejì nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ìpínlẹ̀ méjèèjì sì ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún mẹ́rìndínlógún. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu tí àwọn ọ̀ṣìṣẹ́ ìjọba pàápàá bá ń dá wọn pọ̀ mọ́ra wọn.

Àlàyé tí mo sábà máa ń gbọ́ kò tó. Àwọn kan á ní Fúlàní ló gba ilẹ̀ náà. Àwọn mìíràn á ní Gowon ló gé e fún Kwara. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n bọ́rọ̀ ṣe rí gan-an ni pé àwọn òyìnbó fa ìlà kan láti fi parí ìjà àsìkò tiwọn, gbogbo ìjọba tó sì dé lẹ́yìn wọn ń kọ́ nǹkan tirẹ̀ lé ìlà yẹn lórí, títí ó fi di ògiri.

Ogun Kírìjì ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ́ sílẹ̀ ní 1877. Ìbàdàn wà lápá kan, Èkìtìparapọ̀, ìyẹn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn tó bá wọn lọ́wọ́ sí i, wà lápá kejì. Ìlọrin náà ń bá Ìbàdàn jà, Ọ̀ffà ni wọ́n sì dó tì. Lọ́jọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà tó gba Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà lọ́wọ́ Ìbàdàn. Ìlọrin kò sí nínú ìwé yẹn. Ogun tirẹ̀ ń bá a lọ títí di 1893, nígbà tí Gómìnà Carter gòkè láti Èkó wá tú àwọn ibùdó ogun ká.

Ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa àsìkò náà ni pé Ìlọrin àti Ìbàdàn ti ń fa àwọn ìlú Èkìtì mọ́ra wọn lọ́wọ́ tipẹ́ kí Kírìjì tó dé. Ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú tí ìlú yìí rán wá, á jókòó ti ọba lónìí, ajẹ́lẹ̀ ìlú kejì á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la. Àwọn ìlú tó wà lápá àríwá Èkìtì, Ọ̀tùn, Òsì, Òbò àti àwọn tó yí wọn ká, ni wọ́n súnmọ́ Ìlọrin jù, àwọn sì ni ọwọ́ Ìlọrin tẹ̀ jù. Èkìtì ni wọ́n ń sọ, Èkìtì ni orírun wọn, ṣùgbọ́n ìlú mìíràn ni wọ́n ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún.

Nígbà tí òyìnbó wá dé, ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà wọlé. Ìjọba Èkó ń gòkè bọ̀ láti gúúsù. Ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company, tó ń ṣòwò tó sì ń jagun, ń bọ̀ láti ojú odò Ọya. Ní 1894, ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Bower fi ààlà Ìbàdàn àti Ìlọrin sí Odò Ọ̀tìn. Ní oṣù kejì 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, tí Goldie kó wá, ṣẹ́gun Ìlọrin. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, ó sọ ọ́ di Àríwá Nàìjíríà, ó sì fi Lugard jẹ olórí rẹ̀. Ìlọrin wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìlú tí wọ́n kà sí abẹ́ Ìlọrin bá Ìlọrin lọ. Èkìtì tó kù wà lábẹ́ Èkó, ó sì wọ Gúúsù Nàìjíríà nígbà tí wọ́n pa Èkó pọ̀ mọ́ ọn ní 1906.

Bí Èkìtì ṣe pín sí méjì nìyẹn. Kò sẹ́ni tó jókòó láti pín Èkìtì. Ohun tí wọ́n ń wá ni ibi tí agbára Ìlọrin dé, kí òyìnbó Èkó àti òyìnbó ilé-iṣẹ́ náà má baà máa bá ara wọn jà lórí rẹ̀. Èdè, ìran àti ọba tó bí ọba kò sí nínú ohun tí wọ́n fi wọn ilẹ̀ náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn pé kò bójú mu jù ni Ọ̀tùn. Ọọ̀rẹ̀ Ọ̀tùn ni wọ́n máa ń kà sí àkọ́kọ́ nínú àwọn ọba mẹ́rìndínlógún Èkìtì. Ní 1900, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Reeve-Tucker kó àwọn ọba Èkìtì jọ sí Òkè-Ìmọ̀ ní Iléṣà, ìpàdé tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Pẹlúpẹlú. Èkìtì ń ṣe ìpàdé ọba, ìlú ọba àkọ́kọ́ wọn sì wà nínú Pírófíǹsì Ìlọrin, lábẹ́ ìjọba mìíràn. Wọ́n ṣe wàhálà fún ọdún mẹ́rìndínlógójì kí wọ́n tó gbọ́ tiwọn. Ní 1936 ni wọ́n yọ Ọ̀tùn àti agbègbè rẹ̀ kúrò lábẹ́ Ìlọrin, tí wọ́n sì dá a padà sínú Èkìtì, tó ti wà lábẹ́ Pírófíǹsì Òndó nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀tùn fi wà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì lónìí, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Mọ̀bà.

Òsì, Òbò, Ọ̀pin, Eruku àti Koro kò rí irú èyí gbà. Wọ́n ṣẹ́kù síbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso wọn yàtọ̀ sí ti àwọn ará wọn ní ìsàlẹ̀. Lábẹ́ Ìlọrin, Ẹ́mírì ni òyìnbó gbé àṣẹ lé lọ́wọ́. Ìjọba yẹn ni àwọn àgbà máa ń pè ní N.A. (Native Authority). Tẹ́lẹ̀, àwọn ìjòyè Ìlọrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kékeré. Ìlú tó bá ní ọ̀rọ̀ láti bá Ẹ́mírì sọ gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ Bàbá Kékeré rẹ̀ kọjá, ẹ̀bùn sì gbọ́dọ̀ ṣáájú. Òyìnbó fi olórí àgbègbè rọ́pò wọn nígbà tó yá, ṣùgbọ́n Ìlọrin náà ni ọ̀nà ṣì ń lọ. Dógarì, ìyẹn ọlọ́pàá Ẹ́mírì, ló ń mú èèyàn, òun náà ló sì máa ń tẹ̀lé àwọn tó ń gba owó orí. Ọba Òsì kò lè dá pinnu ohun tó bá tóbi, àyàfi kí wọ́n gbọ́ sí i láàfin Ìlọrin. Ní gúúsù ààlà, ọba Èkìtì kọ̀ọ̀kan ń bá òyìnbó tó wà ní Adó sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Mi ò sọ pé ti gúúsù dára, amúnisìn ni amúnisìn ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kan ni ẹni tó wà ní gúúsù ń sìn. Ẹni tó wà ní àríwá ń sin méjì.

Àwọn oníṣọ̀nà kò ka ìlà yìí sí. Arẹ́ògún, ọ̀gá nínú àwọn agbẹ́gilére tó kú ní 1954, ará Òsì ni. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é ní àwọn mùsíọ́mù òkè òkun ni Arẹ́ògún Òsì-Ìlọrin, nítorí Ìlọrin ni ìjọba kọ ìlú rẹ̀ sí. Ẹ wo orí eégún Ẹ̀pà kan, irú èyí tí òun àti Bámigbóyè ará Odò-Ọ̀wá máa ń gbẹ́: ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bí ìkòkò tí wọ́n gbẹ́ ojú ńláńlá sí, ẹni tó gbé e á fi orí bọ inú rẹ̀, lókè, jagunjagun lórí ẹṣin, tàbí ìyá tí àwọn ọmọ yí ká, gbogbo rẹ̀ láti ara ìtì igi kan ṣoṣo. Wọ́n ń gbé Ẹ̀pà jáde ní apá méjèèjì ààlà. Nígbà tí Fadá Kevin Carroll ti ìjọ Kátólíìkì sì dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì ní 1947, Bándélé ọmọ Arẹ́ògún ni wọ́n pè láti Òsì. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá ti kọ́ṣẹ́. Olùkọ́ wá láti Àríwá, ọmọ iṣẹ́ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì dá mi lójú pé kò sí èyí tó rò pé òun ń kọjá ààlà kankan nínú wọn.

Ní gbogbo àkókò yìí, ìlà náà ṣì lè yí. Òyìnbó ló wà lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n sì lè fi lẹ́tà kan gbé ìlú láti pírófíǹsì kan sí èkejì, bí wọ́n ti ṣe fún Ọ̀tùn. Àpapọ̀ Àríwá àti Gúúsù ní 1914 kò pa ààlà rẹ́, Lugard fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ní 1939 wọ́n pín Gúúsù sí Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn, Àríwá ṣì wà lódindi. Ohun tó wá mú kí ilẹ̀kùn tì ni òfin ìlú ti Gómìnà Richards, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1947. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tirẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ìlú tó bá fẹ́ kúrò ń mú èèyàn, owó orí àti ìbò lọ pẹ̀lú ara rẹ̀, kò sì sí olóṣèlú tó ń fi ìbò tọrẹ.

Ẹgbẹ́ Action Group ti Awolowo béèrè pé kí Ìlọrin àti Kàbà padà sí Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn olórí Àríwá kọ̀ jálẹ̀. Ní 1952, Gómìnà Macpherson pàṣẹ pé kí ààlà dúró sí ibi tó wà. Ní Ìlọrin fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ dìde, ó bá Action Group ṣe pọ̀, ó sì borí nínú ìdìbò káńsù ní 1957, ṣùgbọ́n ìjọba Àríwá tú káńsù náà ká láìpẹ́. Ìgbìmọ̀ Willink tó wá gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn tó kéré níye ní 1957 sí 1958 náà kò yí ààlà padà. Ìgbómìnà wà nínú ìṣòro kan náà: Ìlá-Ọ̀ràngún lápá kan, Òmù-Àrán lápá kejì.

Kí ni ìlà yìí wá fà fún ẹni tó ń gbé níbẹ̀? Ohun méjì ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ààlà jẹ́ ọ̀rọ̀ orí máàpù lásán.

Lọ́jọ́ 17 oṣù kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó wà ní Ọ̀tùn wọ ilé-ìwé láìsan kọ́bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó wà ní Òbò-Ilé, tó ń sọ irú Èkìtì kan náà, kò sí nínú rẹ̀, nítorí ọmọ Àríwá ni. Àfi kí bàbá rẹ̀ wá owó tí yóò san fún ilé-ìwé ìjọ, tàbí kó mú un lọ sóko. Ó tó oṣù kẹsàn-án 1976 kí ìjọba àpapọ̀ tó mú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọdún mọ́kànlélógún ló wà láàárín ìgbà méjèèjì. Ọ̀tùn ì bá wà nínú ìyà yìí bí kì í bá ṣe ìpinnu 1936.

Èkejì ló máa ń dùn mí jù. Nígbà ìdìbò àpapọ̀ oṣù kejìlá 1959, èyí tó gbé ìjọba òmìnira wọlé, àwọn obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn dìbò. Àwọn obìnrin Àríwá kò dìbò, ọkùnrin nìkan ni òfin ibẹ̀ gbà láàyè. Bí wọ́n bá gbé ọmọbìnrin Òsì lọ sílé ọkọ ní Ìkọ̀lé, ó lè dìbò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n fún ọkọ nílé kò lè dìbò. Títí di 1976 tí ìjọba ológun fún wọn ní ẹ̀tọ́ yẹn ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀.

Òfin náà kò bára mu títí di òní. Òfin ìwà ọ̀daràn tí Àríwá gbé kalẹ̀ ní 1960 yàtọ̀ sí ti Gúúsù, Kwara sì ń lo ti Àríwá. Ẹjọ́ kan náà tí wọ́n bá dá ní Ọyẹ́ àti ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin lè wà lábẹ́ ìwé òfin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí a bá mọ gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ Gowon á yé wa. Lọ́jọ́ 27 oṣù kárùn-ún 1967, ó pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ méjìlá. Pírófíǹsì Ìlọrin àti Kàbà di ìpínlẹ̀ kan, Àárín Gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n kọ́kọ́ pè é kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Kwara. Ìlà àtijọ́ náà ni wọ́n tẹ̀lé, kò fa tuntun. Èyí tó yí padà ni ti inú ilé. Gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní Kwara, David Bamigboye, ọmọ Òmù-Àrán ni. Nígbà tirẹ̀ ni Èkìtì ibẹ̀ bọ́ lábẹ́ N.A. Ìlọrin, tí wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ Ìgbómìnà ní ẹ̀ka kan tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Òmù-Àrán. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ayé Royal Niger Company, ẹni tó bá ní ẹjọ́ káńsù kò ní láti dé Ìlọrin.

Àtúnṣe tí ìjọba ológun ṣe sí ìjọba ìbílẹ̀ ní 1976 ló mú kí gbogbo orílẹ̀-èdè ní irú káńsù kan náà: alága àti káńsẹ́lọ̀ tí a dìbò yàn, owó láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀, ọba sì di olùdámọ̀ràn. Mọ́kàn-lé-ní-ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n nígbà náà. Èkìtì Kwara bọ́ sínú Ìrẹ́pọ̀dùn. Bí àwọn ológun tó jẹ tẹ̀lé wọn ṣe ń gé káńsù sí wẹ́wẹ́ ni Èkìtì fi di ti ara rẹ̀, tí àwọn ìlú bí Ìlọ́fà àti Odò-Ọ̀wá náà sì di ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ero. Nígbà tó di 1996, wọ́n ti pé 774. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni Abacha yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Òndó. Ìpínlẹ̀ náà gba orúkọ tí àwọn Kwara náà ń jẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ìdàrúdàpọ̀ orí fọ́ọ̀mù ti bẹ̀rẹ̀. Kí 1996 tó dé, bí ẹnì kan bá sọ pé Èkìtì Kwara ni òun, kò sí ìpínlẹ̀ tí a ó fi ṣì í mú.

Òfin ìlú ti 1999 kọ orúkọ gbogbo àwọn 774 yìí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí bẹ́ẹ̀, gómìnà kò lè dá ọ̀kan sílẹ̀ kó sì máa gba owó rẹ̀ ní Àbújá. Èkó dán an wò nígbà tí Tinubu jẹ́ gómìnà ibẹ̀, wọ́n dá mẹ́tàdínlógójì sílẹ̀ kún ogún tí wọ́n ní, Ààrẹ Obasanjo sì dá owó wọn dúró. Ní oṣù kejìlá 2004, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé Ààrẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá owó dúró, ṣùgbọ́n pé àwọn káńsù tuntun náà kò tíì délẹ̀ títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi fọwọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe irú wọn ní LCDA (Local Council Development Area). Bí ẹ bá rí LCDA níbikíbi, owó ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti inú rẹ̀ jáde ni wọ́n ń jẹ.

Níní káńsù lórí ìwé sì yàtọ̀ sí níní í lójú ayé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn káńsù Kwara lò láìsí alága tí a dìbò yàn, kí ìdìbò tó wáyé ní oṣù kẹsàn-án 2024. Ní oṣù keje ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà, kí gómìnà má sì fi ẹni tí kò gba ìbò ṣàkóso rẹ̀ mọ́. Ará Ararọ̀mí-Ọ̀pin tí ọ̀nà oko rẹ̀ bàjẹ́ yẹ kó mọ ìdájọ́ yẹn, torí ó fún un ní ẹsẹ̀ láti fi béèrè.

Ìgbó kò mọ ààlà. Ní ìparí oṣù kìíní 2024, àwọn agbébọn pa Elésùn Èsún àti Onímọ̀jọ Ìmọ̀jọ lójú ọ̀nà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n wọ ààfin Olúkòrò ní Koro, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Kwara, wọ́n sì pa ọba náà. Ọba mẹ́ta, lápá méjèèjì ìlà tí òyìnbó fà. Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ aláàbò tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 2020, ń ṣọ́ apá kan, kò lè ṣọ́ apá kejì, nítorí Kwara kò sí lára wọn. Àárín Gbùngbùn Àríwá ni wọ́n ka Kwara sí. Mo gbà pé ohun tó yẹ kí gómìnà méjèèjì jókòó lé lórí ṣáájú ohunkóhun mìíràn nìyí, wọn kò sì nílò àtúnṣe òfin kankan kí wọ́n tó lè ṣe é.

Ìbéèrè tó kù ni bóyá Òsì àti Òbò lè bá Ọ̀tùn lọ lónìí. Òfin ìlú ti 1999 fàyè gbà á ní ẹ̀ka 8, ìpín kejì. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣojú tó ń ṣojú apá tó fẹ́ kúrò àti apá tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìbéèrè náà, láti ilé aṣòfin àgbà, ilé aṣojú-ṣòfin, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ àti káńsù. Lẹ́yìn náà ni ilé méjèèjì ní Àbújá àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn yóò dìbò lé e. Kò béèrè pé kí àwọn ará ìlú fúnra wọn dìbò, bó ṣe béèrè fún dídá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀. Àjọ tó ń rí sí ààlà orílẹ̀-èdè, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987, kò lè gbé ìlú kankan sọdá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti tọ́ka sí ibi tí ìlà wà, kó sì parí ìjà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìlú òun sọdá, ọ̀dọ̀ káńsẹ́lọ̀ rẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.